Àwọn Ìyá Tó Ń Gba Ìwo Lórí Ìjòyè

Ìró ìṣó ló gbà mí lọ́kàn láàárọ̀ yìí. Kì í ṣe ìṣó tí wọ́n ń gbá wọlé o, èyí tí wọ́n ń fà jáde lára pákó ni. Ẹni tó bá dàgbà sí etíkun wa mọ ìyàtọ̀ méjèèjì láìṣíjú wò ó. Èyí tó ń wọlé máa ń dún gbà, gbà, bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Èyí tó ń jáde máa ń han bí ọmọ tí wọ́n ń já lẹ́nu ọmú. Mósè, aládùúgbò mi tó ń gbé ìsàlẹ̀ afárá, ló ń tú ilé rẹ̀. Omi òkun ti dé ìdí òpó tó wà lẹ́yìn yàrá rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé bíríkì lè má mọ̀ pé ilé a máa rìnrìn àjò. Pákó lórí òpó ni ilé tiwa. Bí òkun bá fẹ́ gba ibi tó dúró sí, a ó fa ìṣó rẹ̀ yọ, a ó to pákó rẹ̀ sínú ọkọ̀, a ó wà á lọ síbi tó bá yẹ, a ó sì tún un kàn. Ìṣó tó bá wọ́, a ó nà án, a ó tún un lò. Mo mọ ilẹ̀kùn kan ní abúlé yìí tó ti gbé ibi mẹ́ta rí, tí ara rẹ̀ sì le ju tèmi lọ.

Nígbà tí mo gbọ́ ìró yẹn, ọkàn mi padà sí ìgbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní abúlé wa àkọ́kọ́ tó wà nítòsí Abereke. Ẹja ló ń gbé ibẹ̀ báyìí. Nígbà náà mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Ẹ̀bùn. Ọmọ tó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ ni. Àwọn àgbà a máa fi ẹja yíyan bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn sinmi, yóò gba ẹja, yóò jẹ ẹ́ tán, yóò sì tún béèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi fún òun.

Tíṣà Òkè là ń pe olùkọ́ wa, nítorí láti Èkìtì ló ti wá. Ó mọ ìwé dáadáa, ṣùgbọ́n omi ń bà á lẹ́rù. Bó bá wọ ọkọ̀, ọwọ́ méjèèjì ni yóò fi di etí ọkọ̀ mú, bí ẹni pé ọkọ̀ ló fẹ́ bọ́ sómi sá lọ. Àwa ọmọdé a máa fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ tí òkun bá ń hó tí a kò lè gbọ́ ìṣirò, yóò kó wa jọ sí igun kíláàsì tó jìnnà sí omi, yóò sì nawọ́ sí ìwọ̀ oòrùn. Á ní bí ènìyàn bá ń wa ọkọ̀ lọ tí kò dúró, yóò bá ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Amẹ́ríkà, àti pé àwọn kan ló ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó débẹ̀. Ìtàn àwọn wọ̀nyí ló fẹ́ràn jù.

Ó sọ fún wa nípa àwọn kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní ará Ilé Gígùn. Orílẹ̀ márùn-ún ni wọ́n, wọ́n ti bá ara wọn jà títí ó fi sú wọn. Nígbà tó yá, wọ́n ri ohun ìjà wọn mọ́ ìdí igi ńlá kan, wọ́n sì ní ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé àwọn ìyá àgbà ìdílé ló ń yan ìjòyè, tí wọ́n sì ń fi ìwo àgbọ̀nrín dé e lórí. Bí ìjòyè bá ń ṣe ohun tí kò tọ́, wọ́n á kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Bí kò bá gbọ́, wọ́n á gba ìwo wọn padà. Gbogbo wa di orí ara wa mú, à ń wo ibi tí ìwo ì bá wà.

Lọ́jọ́ mìíràn ó sọ ti àwọn Ṣẹ́rókì, ẹ̀yà mìíràn ní Amẹ́ríkà náà. Ìjọba òyìnbó fẹ́ gba ilẹ̀ wọn. Àwọn díẹ̀ tí ará ìlú kò rán níṣẹ́ lọ fọwọ́ sí i pé kí gbogbo wọn kó kúrò. Olórí wọn kọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ̀, ṣùgbọ́n àwọn sójà dé, wọ́n sì lé wọn lọ sí ọ̀nà jíjìn nínú òtútù, ọ̀pọ̀ wọn sì kú lójú ọ̀nà. Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́ sókè.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọn kò tú ilé wọn dání ni?"

Ó ní rárá, wọ́n fi ilé sílẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni àánú wọn wá ṣe wá. A kò mọ̀ pé ènìyàn lè kó lọ kí ilé rẹ̀ má tẹ̀ lé e. Ẹ̀bùn kò sunkún ní tirẹ̀, ó kàn kọjú sí Tíṣà.

"Nígbà tí àwọn yẹn lọ fọwọ́ sí i, ta ló béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá?"

"N kò rí i kà," ni Tíṣà Òkè sọ.

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà nìkan. Ní àkókò náà gan-an, òkun ti gbé ìlà ilé tó wà níwájú abúlé wa mì. Ọlọ́jà, tí í ṣe olórí wa, ti bá àwọn ọkùnrin jókòó, wọ́n sì ti pinnu pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan wá ẹbí rẹ̀ lọ: àwọn kan sí Mahintedo, àwọn kan sí Igbokoda. Ọ̀nà Wàrí ni bàbá Ẹ̀bùn ń wò. Ìyẹn ni pé abúlé yóò tú, èmi àti Ẹ̀bùn kò sì ní ríra mọ́. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè jẹun.

Ìyá ìyá mi, tí gbogbo ayé ń pè ní Iye Àgbà, ló dàgbà jù nínú àwọn obìnrin tó ń yan ẹja. A ń bá a yí ẹja lórí iná ní ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà tí Ẹ̀bùn bi í pé ta ló fi ìwo dé Ọlọ́jà lórí. Iye Àgbà rẹ́rìn-ín títí èéfín fi há a lọ́fun.

"Ìwo kẹ̀? Ṣé màlúù ni?"

Ẹ̀bùn sọ gbogbo ìtàn náà fún un. Iye Àgbà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó yí ẹja títí, ó yí èyí tó ti yí tẹ́lẹ̀.

"Ọma mi," ó ní, "àwa kò ní ìwo. Ẹnu la ní."

Àṣà wa ni pé lọ́jọ́ tí a bá fi Ọlọ́jà jẹ, obìnrin tó dàgbà jù ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi oyè pè é. Bí kò bá tíì pè é, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Iye Àgbà ló kọ́kọ́ pe Ọlọ́jà wa yìí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí Ẹ̀bùn bi í, ó kúnlẹ̀ kí ọkùnrin náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Títí."

Orúkọ tí à ń pè é kó tó jẹ oyè nìyẹn. Kí oòrùn tó mú, gbogbo obìnrin abúlé ti gbà á sẹ́nu. Kò sí ẹni tó bú u, kò sí ẹni tó ṣàfojúdi. Wọ́n kàn ń kí Bàbá Títí ni. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó ní, "Bàbá Títí, oúnjẹ rè é." Ọkùnrin náà kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tó sú u, ó wá síbi iná Iye Àgbà, ó jókòó lórí garawa tó dojú dé.

"Iye, kí ni mo ṣe?"

"Èyí tí o kò ṣe ni. O kò bi wá."

"Òkun kò bi èmi náà kó tó dé."

"Òkun kò jẹ oyè," Iye Àgbà dá a lóhùn. "Ìwọ la pè."

Wọ́n tún ìpàdé pè, àwọn obìnrin sì jókòó síbẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn odò níbi tí àwọn ti ń ṣẹ́ igi ìdáná, ó le, ó sì lè gba gbogbo abúlé. Àwọn ọkùnrin wo ara wọn, wọ́n gbà. Wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé Ifẹ̀. Òun náà la fi dá abúlé tí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n bàbá Ẹ̀bùn kò dúró. Ìpàdé ṣì ń lọ lọ́wọ́ tí a fi ń gbọ́ ìró ìṣó láti ìpẹ̀kun abúlé. Nígbà tí a tú ká, ilé wọn ti wà nínú ọkọ̀. Ẹ̀bùn jókòó sórí pákó, ó di ilẹ̀kùn mú kó má yọ̀ bọ́ sómi.

"Kí ni wọ́n sọ?" ó ké sí mi.

Mo sáré lórí afárá, mò ń pariwo pé a ń lọ pọ̀, pé kí wọ́n padà, pé wọ́n bi àwọn ìyá. Òkun ń hó. N kò mọ̀ títí dòní bóyá ó gbọ́. N kò rí i mọ́.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà. Ẹ́ńjìnnì ló ń gbé ọkọ̀ wa báyìí, àwọn ọmọ sì ń rí Amẹ́ríkà nínú fóònù láìsí pé Tíṣà kankan nawọ́ sí òkun. Ọmọ ọmọ mi bá mi wá ìtàn Tíṣà Òkè níbẹ̀, ó ní àwọn ìyá Ilé Gígùn ṣì ń yan ìjòyè wọn títí di ìsinsìnyí. Inú mi dùn bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn ẹbí. Ọlọ́jà tó wà lórí oyè nísinsìnyí, ọmọdékùnrin kan tí jígí dúdú kì í kúrò lójú rẹ̀, ẹnu mi ló kọ́kọ́ pè é. Kì í pinnu ohunkóhun kó má wá sọ́dọ̀ àwa obìnrin. Ó rò pé bẹ́ẹ̀ ló ti rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. N kò tíì sọ fún un pé ọmọ kékeré kan ló béèrè rẹ̀.

Lọ́sàn-án òní a ó jókòó nílé Ọlọ́jà lórí ọ̀rọ̀ òkun tó tún ti dé. Mósè kò fẹ́ dúró. Láti ibi tí mo wà, mò ń rí ọmọbìnrin rẹ̀ lórí pákó tí wọ́n tò jọ, ó ń wo ọ̀nà ilé Ọlọ́jà. Orúnkún mi kò fi bẹ́ẹ̀ dára mọ́, ṣùgbọ́n mo ti mú ọ̀pá mi. Mò ń lọ bá Mósè. N kò ní sọ pé kó má lọ, ilé rẹ̀ ni. Màá kàn sọ pé kó fi hámà yẹn sílẹ̀ ná, kó jẹ́ kí ọmọ yìí gbọ́ ohun tí a bá sọ.