Ohùn Màámi Lẹ́nu Ọ̀nà Géèmù

Elétí Ehoro ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí kò sí ìró tí etí rẹ̀ kì í gbọ́. Òun ló ń wá ohùn sí géèmù tí wọ́n ń ṣe, ìbáà ṣe ti òjò, ìbáà ṣe ti ilẹ̀kùn. Ọdún mẹ́ta ló fi ṣiṣẹ́ lórí géèmù ọmọ kan tó sọnù, tó ń wá ọ̀nà ilé. Ohùn ìyá rẹ̀ gan-an ló fi ṣe ohùn ìyá ọmọ náà. Inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ló ti gbà á sílẹ̀ kí ariwo títì má baà wọlé, tí màmá jókòó sáàárín ẹ̀wù, tí ẹ̀rín ń pa á. "Rọra o, ọmọ mi, ilẹ̀ ń yọ̀." Ohun tó máa ń sọ fún un láti kékeré nìyẹn.

Àṣìṣe kan ló ṣe. Ó tọ́jú ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́, ìwé tó sì fọwọ́ sí lọ́jọ́ tó gbaṣẹ́ ní ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀, tiwọn ni.

Àwọn olówó kan wá ra iléeṣẹ́ náà. Wọ́n gbé ọ̀gá kan dé tí kò fọwọ́ kan géèmù rí láyé ẹ̀. Ó ní ọmọ náà ń tètè délé jù; tó bá kù díẹ̀ kó wọlé, kí ilẹ̀kùn tì, kí ẹni tó ń gbá géèmù sanwó kó tó ṣí. Ṣìọ̀! Ẹ wo ẹni tó fẹ́ gbowó ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ ọmọ tó ń sunkún wá ìyá ẹ̀. Elétí Ehoro bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà yọ ohùn ìyá òun kúrò níbẹ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní kò séwu, òun á yọ ọ́. Irọ́ burúkú ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, Elétí Ehoro wà nílé màmá nígbà tí ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin ń gbá géèmù náà lórí fóònù. Ohùn kan jáde: "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, sanwó kí n lè ṣílẹ̀kùn fún ẹ." Wọ́n ti fi ẹ̀rọ ṣe àdàkọ ohùn màmá, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tí kò sọ rí sí i lẹ́nu. Ìwà ìríra gbáà!

Màmá, tó fi aṣọ rírán tọ́ ọmọ márùn-ún láìtọrọ kọ́bọ̀, yọ awò ojú rẹ̀.

"Ta ló ń fi ohùn mi ṣagbe?"

"Èmi ni mo gbé e fún wọn, Màámi."

Nígbà tí Elétí Ehoro fẹ́ máa lọ, òjò ti rọ̀, àtẹ̀gùn ilé ti ń yọ̀. Màmá lanu bí ẹni tó fẹ́ sọ pé kó rọra, ó tún pa á dé. Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó sì sìn ín sọ̀kalẹ̀ láìsọ̀rọ̀.