Àgò Obìtun ní Ṣikágò

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ṣikágò yìí, láàárín àwọn ọdún tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní 80s, wọ́n ṣe ohun kan tó bí mi nínú, inú náà kò sì tíì rọ̀ títí dòní. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé mo ti dàgbà, mo sì mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru kò fẹ́ ariwo. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá yín ní pálọ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, tí ẹ ń jó níwájú fóònù, tí mo ní níbo ni ijó yẹn ti wá, tí ẹ sì dá mi lóhùn pé, "Grandma, it's just a dance," ńṣe ni gbogbo rẹ̀ tún padà wá sí mi lọ́kàn. Kò sí ijó kankan láyé yìí tó jẹ́ ijó lásán. Ẹ jókòó kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Auburn Gresham là ń gbé nígbà náà, ní apá gúúsù ìlú tí wọ́n ń pè ní South Side, nínú ilé bíríkì kan tí àtẹ̀gùn iwájú rẹ̀ kọjú sí títì. Bàbá mi ń wa takisí, ó sì tún ń lọ sí yunifásítì. Ìyá mi ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan ní Hyde Park. Ọmọ Oǹdó ni wá, Mùsùlùmí sì ni wá. Nígbà tí ìyá mi bí àbúrò mi ọkùnrin, ìyá tó bí ìyá mi lọ́mọ wá láti Oǹdó láti máa bá a wẹ ọmọ. Òun ni mo ń pè ní Ìyá Àgbà.

Ìyá Àgbà kò gbọ́ òyìnbó rárá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ijó. Ibikíbi tó bá ti rí ẹni tó ń mi ara, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí: "Ta ló ni ijó yẹn?" Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò wa a máa tẹ́ páálí sílẹ̀ ní ojú ọ̀nà, wọn a fi orí yí bí òkòtó. Ìyá Àgbà rán mi pé kí n lọ béèrè ẹni tó ni ín. Wọ́n ní láti New York ló ti wá, pé àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọ Puẹto Ríkò tí wọn kò ní gbọ̀ngàn tí wọ́n lè jó sí ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí mo jíṣẹ́ fún un, ó mirí, ó ní, "Abájọ tí wọ́n fi fi ilẹ̀ ṣe gbọ̀ngàn." Ó rí àwọn àgbà àdúgbò pẹ̀lú, tọkọtaya tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, tí wọ́n ń yọ̀ tẹ̀rẹ́ lórí sìmẹ́ńtì, ijó tí àwọn ará South Side ń pè ní stepping. Èyí ló wù ú jù. Ó ní, "Ẹsẹ̀ wọn kì í kánjú. Àwọn wọ̀nyí ní ìyá nílé."

Ìyá àgbàlagbà kan wà nínú ilé tó tẹ̀lé tiwa, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, tó máa ń wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi láti máa júwe ìjókòó fún àwọn èèyàn. Òun ló kọ́kọ́ gbé oúnjẹ wá nígbà tí wọ́n bí àbúrò mi. Lójoojúmọ́ ni òun àti Ìyá Àgbà máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn, ọ̀kan ń sọ Oǹdó, èkejì ń sọ òyìnbó, àwọn méjèèjì á sì jọ rẹ́rìn-ín. N kò mọ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ, wọn kò sì béèrè ògbufọ̀ lọ́wọ́ mi.

Bí Ìyá Àgbà bá ń wẹ ọmọ, èmi á da omi sí i lọ́wọ́, òun á sì máa sọ̀rọ̀ ijó fún mi. Ó ní bàtá jẹ́ ti àwọn olùsìn Ṣàngó, ẹni tó bá ń jó o gbọ́dọ̀ ta bí àrá. Ó ní gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ ti àwọn ará Kétu àti Yewa, àwọn ìyá ni wọ́n fi ń tù nínú. Ó ní àwọn obìnrin Mùsùlùmí bíi tiwa ló ni wákà, tí wọ́n fi ń pàtẹ́wọ́ pàdé àwọn tó bá ti Mẹ́kà dé. Lẹ́yìn náà ló wá kan tiwa gan-an, obìtun, ijó àwọn ọmọge Oǹdó tí wọ́n ń kúrò lọ́mọdé. Aṣọ àtàtà bò wọ́n láti àyà dé ẹsẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn, lọ́wọ́ àti lọ́rùn ẹsẹ̀, wọn kì í sì í sáré. Ìyá Àgbà ní ẹni tó bá sáré nínú obìtun ti sọ fún gbogbo ayé pé òun kò tíì dàgbà.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé ìwé wa. Tíṣà wa, obìnrin òyìnbó kan báyìí, ní òun fẹ́ fi ijó àgbáyé hàn wá, kí a sì jó wọn níwájú àwọn òbí ní ìparí táàmù. Ó gbé àwòrán ayé kọ́ ara ògiri. Nígbà tó kan ijó àwọn Irish, tí ọwọ́ kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara tó sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀, ó fi pín-ín-nì gún Ireland. Nígbà tó kan pólíkà, ìyá ọmọ kíláàsì wa kan tó jẹ́ ọmọ Poland wá sọ pé kì í ṣe àwọn ló dá a sílẹ̀, pé lọ́dọ̀ àwọn Czech ni wọ́n ti gbà á, tí ó sì di tiwọn. Tíṣà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yọ pín-ín-nì, ó tún un gún sí ibi tó yẹ. Ti àwọn ọmọ Mẹ́síkò, ó mẹ́nu ba ìpínlẹ̀ tó ti wá, Jalisco, ó tún kọ ọ́ sórí pátákó.

Nígbà tó kàn mí, ó mú pín-ín-nì, ó gún un wọ àárín gbùngbùn Áfíríkà, nínú igbó níbi tí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé mi kò tíì fẹsẹ̀ tẹ̀ rí. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "ijó Áfíríkà," ó parí. Mo nawọ́, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, Oǹdó ni, apá ìwọ̀-oòrùn ló wà." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àyè kò sí lórí pátákó fún gbogbo ìyẹn. Àyè wà fún Jalisco o! Ó wá sọ fún mi pé kí n sọ fún ìyá mi kó bá mi wá síkẹ́ẹ̀tì koríko, kí n sì fi ẹfun kun ojú, pé kásẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ òun tí n ó máa fò sókè sí.

Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn, ìyá mi ju ṣíbí sílẹ̀. "Koríko kẹ̀? Ọmọ mi ò ní bọ́ra síta fún ẹnikẹ́ni!" Bàbá mi ní, "Ẹ rọra, please. We are visitors here. Ká ṣe ohun tí wọ́n fẹ́, ká máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́." Ìyá Àgbà béèrè ohun tí wọ́n ń sọ, mo sì sọ fún un. Kò bínú. Ó ní, "Obìtun ni yóò jó. Aṣọ ló bò ó, ìlẹ̀kẹ̀ ló gbé e níyì. Kí ni wọ́n fẹ́ wí?"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi, lójoojúmọ́, nínú kíṣìnnì. Ìlànà kan wà nínú ìdílé wa tí Ìyá Àgbà kò jẹ́ kí n fojú kéré. Kí ọmọbìnrin tó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, yóò kúnlẹ̀ níwájú àwọn tó jókòó, yóò sọ pé, "Àgò o." Àwọn àgbà gbọ́dọ̀ dá a lóhùn pé, "Àgò yà." Bí wọn kò bá dáhùn, kò gbọ́dọ̀ dìde, nítorí wọn kò tíì gbà pé ọmọ àwọn ni. Ìyá Àgbà ní ìyá mi ni yóò dáhùn, òun náà ni yóò sì lé orin. Ìyá mi gbà tayọ̀tayọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ijó pé, Ìyá Àgbà fẹ́ bá wa lọ. Ó ti ká gèlè rẹ̀ sílẹ̀ láti àná. Ṣùgbọ́n bàbá mi ní ta ni yóò gbé ọmọ, pé òtútù pọ̀, pé ọkọ̀ kò gbà wá. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ojú ló ń tì í, kí ìyá àgbàlagbà tó kọlà sójú má baà pariwo láàárín àwọn òyìnbó. Ìyá Àgbà mọ̀. Ó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ mi lọ́rùn ẹsẹ̀.

Gbọ̀ngàn kún. Àwọn ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ìdílé bíi mélòó kan tó ti Hyde Park wá wò mí, dókítà, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, jókòó lórí ìlà kan ṣoṣo, kóòtù àti táì. Wọ́n pe orúkọ mi. Mo jáde, mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ kí gbogbo ilé lè gbọ́: "Àgò o."

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo wo ìyá mi. Ó ti la ẹnu, ṣùgbọ́n ó wo àwọn tó jókòó tì í, ó sì tún pa á dé. Bàbá mi ń wo bàtà ara rẹ̀. Dókítà kan ń yẹ ìwé ètò wò bí ẹni pé kò mọ̀ mí rí, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ wa ló ti jẹun ní ọdún Iléyá. Gbogbo wọn pátá ló mọ ìdáhùn yẹn! Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọn kò fi kọ́ nílé. Mo tún sọ ọ́. Àwọn ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Tíṣà rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí, ó sáré tẹ kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ni ọ̀bọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké láàárín ìlù. Ọ̀bọ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, omijé ń bọ́ sórí ìlẹ̀kẹ̀ mi, n kò dìde.

Láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni mo ti gbọ́ ohùn kan: "Turn that mess off!" Ìyá aládùúgbò wa ni, ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà nínú àwọn tó jó lọ́jọ́ náà. Ó ti dìde dúró, ọwọ́ rẹ̀ kan ní ìbàdí. Nígbà tí ọ̀bọ dákẹ́, ó wò mí, ó rọ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Take your time, baby." Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn nìyẹn fún ẹni tí ẹkún bá gbé ohùn mọ́ lẹ́nu, pé kó fara balẹ̀, pé àwọn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá mìíràn gbà á: "Take your time!" Òmíràn ní, "We're right here!" Àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìkánjú. Mo dìde. Mo gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Ìgbà yẹn ni ìyá mi tó rí ohùn, tó lé orin pẹ̀lú ẹkún. Mo jó obìtun dé òpin, n kò sì sáré.

Nínú ọkọ̀, bàbá mi ní, "Kí ló dé tó o fi pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ yẹn? You almost disgraced us." Èmi ni mo fẹ́ dójú tì wọ́n! Ẹ wá gbọ́.

Nígbà tí a délé, Ìyá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Kò béèrè bóyá mo jó dáadáa. Ó ní, "Ta ló dá ọ lóhùn? Ìyá rẹ ni?" Ìyá mi wolẹ̀. Mo nawọ́ sí ilé kejì. Ó ní, "Kí ló wí?" Mo sọ ọ́ fún un lédè wọn, mo sì túmọ̀ rẹ̀. Ó wo ìyá mi, ó wo bàbá mi, ó ní, "Àgò yà náà nìyẹn." Ó gbé ọmọ lé ìyá mi lọ́wọ́, ó wé gèlè tó ti ká sílẹ̀ láti àná, ó sì rìn lọ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lórí àtẹ̀gùn ilé kejì.

Ayé ti yí padà lóòótọ́. Kò sí tíṣà tó jẹ́ fi koríko lọ̀ yín mọ́. Skokie tí ẹ ń gbé yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣikágò, ọmọ oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ló kún kíláàsì yín. Ṣùgbọ́n mo wo ohun tí ẹ gbé sórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé. Ẹsẹ̀ obìtun wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ tí mo fi kọ́ ìyá yín, ẹ sì ń sáré. Ẹ wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "African vibes." Pín-ín-nì tíṣà yẹn ni ẹ tún fi gún àárín igbó, ọwọ́ ara yín lẹ sì fi gún un.

Ó yá, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ sọ ọ́ jáde kí n gbọ́. Ẹnu tèmi kò wúwo, n ó dá yín lóhùn.