Ọjọ́ Tí Wolé-wolé Wá Sílé Jẹ́jẹ́

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni obìnrin kan fi gbé fóònù ní ilé iṣẹ́ omi ẹ̀rọ. Ẹni tí omi rẹ̀ kò yọ láti àárọ̀ á pè é, á máa bú u, á máa ṣépè. Kó tó sọ fóònù kalẹ̀, ẹni náà á ti máa kí i pé ó ṣeun. Ohùn obìnrin yìí ló ń ṣe é. Ó rọ̀ bí òwú. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n sọ ọ́ níbi iṣẹ́.

Nígbà tó yá, àwọn ọ̀gá ra ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìpè fúnra rẹ̀. Jẹ́jẹ́ kó ife àti súwẹ́tà rẹ̀ sínú báàgì, ó wálé. Oṣù méjì gbáko, ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé lókè ilé wọn sọ̀kalẹ̀ wá tòun tọmọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi mú un dọ̀sán. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ti kó lọ."

Nígbà tó fi máa dé, ọmọ ti jẹun, ó ti wẹ̀, ó ti sùn fọnfọn. Ẹnu ya nọ́ọ̀sì náà, torí ọmọ tó ń figbe da ilé rú ni. Ló bá ròyìn fáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kí oṣù tó parí, ọmọ di márùn-ún.

Káfíńtà ni ọkọ Jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ṣé ilé ni mò ń gbé ni àbí ọjà?" Síbẹ̀ òun náà ló gé ẹsẹ̀ àwọn àga kúrú, tó sì fá gbogbo etí tábìlì kó má baà ṣe ọmọ léṣe.

Nọ́ọ̀sì gbà á nímọ̀ràn pé kó gba ìwé àṣẹ ìtọ́jú ọmọ. Jẹ́jẹ́ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba, ó sì ń retí wolé-wolé.

Aago kan ọ̀sán ni wolé-wolé dé, ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọ bàtà tó ń dún kó-kó-kó. Jẹ́jẹ́ fi ìka lé ètè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bọ́ bàtà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni."

Ó bọ́ ọ. Ó wọn fèrèsé, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó yẹ ilé ìdáná wò, ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní táwọn ọmọ sùn lé láti kọ ohun tó rí. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ kan ta jí. Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn rẹ̀ sọ ìtàn èèrà kan tó ru ṣúgà lọ fún ìyá rẹ̀. Kí èèrà tó délé, ọmọ ti sùn padà. Wolé-wolé náà ti sùn. Bírò rẹ̀ fa ìlà gbọọrọ dé ìsàlẹ̀ ìwé.

Káfíńtà yọjú. "Ta nìyẹn?"

"Ìjọba ni."

"Ìjọba ló ń hanrun báyìí?"

Jẹ́jẹ́ fi aṣọ bò ó.

Nígbà tí wolé-wolé jí, ọmọ ọdún méjì kan ló jókòó tì í, tó ń wò ó. "Àǹtí, ẹ mà sùn o."

Ojú tì í débi pé ó fi fáìlì bojú. "Ẹ má bínú, mà. Ọmọ oṣù mẹ́rin wà nílé mi. Mi ò rántí ìgbà tí mo sùn dáadáa kẹ́yìn."

"Ara kì í ṣe òkúta, ọmọ mi."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni wolé-wolé tún ara rẹ̀ ṣe. "Ṣùgbọ́n oorun lọ́tọ̀, iṣẹ́ lọ́tọ̀, mà. Wáyà kẹ́tù yín rọ̀ wálẹ̀ níbi tọ́wọ́ ọmọ lè tó o, kò sì sí ohun tó dí orí àtẹ̀gùn. Mi ò lè buwọ́ lù ú lónìí."

Ó dun Jẹ́jẹ́ pé ojoojúmọ́ lòun ń rí wáyà náà. "Òótọ́ lẹ sọ," ló fèsì.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́tù ti gòkè, káfíńtà sì ti kan géètì kékeré sórí àtẹ̀gùn. Wolé-wolé padà wá, àárọ̀ ló wá lọ́tẹ̀ yìí, kò sì jókòó rárá. Ó fa géètì lẹ́ẹ̀mẹta, ó buwọ́ lùwé.

Kò gbé ọmọ tirẹ̀ wá o; ó ní kò yẹ kí ẹni tó ń yẹ ilé wò ṣe bẹ́ẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló gbé ọmọ ti ara rẹ̀ wá.

Ọmọ mẹ́jọ ló wà níbẹ̀ báyìí. Lọ́jọ́ tí ọmọ nọ́ọ̀sì bọ́ sílé ìwé, Jẹ́jẹ́ sunkún díẹ̀ nínú ilé ìdáná. Kò tíì nu ojú tán tí wọ́n fi kanlẹ̀kùn: ọmọ ọwọ́ tuntun ti dé, ó ń ké tantan.