Ewé Ìyeyè Tí Mo Yìn fún Màmá Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ohun tí ẹnu mi fà fún mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí.

Igi ìyeyè kan wà lẹ́yìn ilé wa ní abúlé Sanson. Bí orúnkún ẹnikẹ́ni bá wú, ọ̀dọ̀ màmá mi ló ń bọ̀. Wọ́n á se ewé rẹ̀ fún un mu, wọ́n á fi ìyókù wẹ orúnkún náà. Nígbà tí wọ́n wá ní kí n yan ewé tí màá fi ṣe mémoire mi, ìwé ìwádìí tí a fi ń parí ẹ̀kọ́, ní yunifásítì ní Parakou nílẹ̀ Benin, ṣé mo tún ń wá òmíràn ni? Màmá fúnra wọn ló já a, tí wọ́n sá a sábẹ́ òrùlé kí oòrùn má bàa pa á. Odindi àpò kan!

Ní labo, yàrá tí a ti ń ṣe àyẹ̀wò, a kán omi ewé náà sínú ìgò kékeré kan tí omi aláwọ̀ àlùkò wà nínú rẹ̀. Àwọ̀ náà pòórá, ó di yẹ́lò! Ọ̀gá wa ní bẹ́ẹ̀ ni ewé náà ṣe ń pa ohun tó ń ba ara jẹ́ díẹ̀díẹ̀, àti pé ó lè mú kí ara wíwú rọlẹ̀.

Èmi tí ẹnu mi kì í gba ọ̀rọ̀ dúró! Mo pe ilé lójú ẹsẹ̀: "Màmá, ewé yín yege o!" Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́, ẹ̀yin alákọ̀wé lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mi ò sọ ni pé inú ìgò la ti dán an wò, kì í ṣe nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Bẹ́ẹ̀, màmá mi ní tension, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ ríru. Láràárọ̀ ni wọ́n ń lo oògùn kan fún un.

Nígbà tí àsìkò ṣíṣa kajú dé, tonton mi, àbúrò màmá, pè mí pé màmá ti ṣubú nínú oko. Alùpùpù ni wọ́n fi gbé wọn dé ọsibítù. Kí n tó débẹ̀, ẹnu wọn ti wọ́, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò ṣeé gbé mọ́.

Dókítà bi wá bóyá wọ́n ń lo oògùn wọn. Mo yára dáhùn pé ojoojúmọ́ ni! Tonton ní rárá. Wọ́n wá ní láti ọjọ́ tí mo ti pè ni màmá ti pa á tì, tí wọ́n ń mu omi ewé ìyeyè nìkan. Màmá ní ewé tí ọmọ àwọn ti yẹ̀ wò ní yunifásítì, kí làwọn tún ń fi oògùn òyìnbó ṣe?

Yé! Ká ní ilẹ̀ lanu lọ́jọ́ náà, ǹ bá kó sínú rẹ̀.

Mo ti parí ẹ̀kọ́ náà báyìí. Ọjọ́ tí mo gbé ìwé mémoire mi délé, ọwọ́ òsì ni màmá fi gbà á. Ọwọ́ ọ̀tún tó já ewé náà wà lórí itan wọn, kò mì. Wọ́n rọra ń wá ọ̀rọ̀, wọ́n bi mí bóyá orúkọ àwọn wà níbẹ̀. Mo ní ó wà níbẹ̀, Màmá. Wọ́n fi ìdajì ẹnu rẹ́rìn-ín. Mo sá lọ sẹ́yìn ilé lọ sunkún. Wọn ò tíì bú mi rí, ìyẹn gan-an ló ń pa mí.

Ewé dáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, bẹ́ ẹ bá ń sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀ fún àwọn òbí yín, ẹ sọ èyí tẹ́ ò tíì mọ̀ mọ́ ọn.

Ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, màá kà á. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ pe ilé ná, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti lo oògùn àárọ̀ yìí.