Ọgbà Ni, Kì í Ṣe Igbó

Nígbà tí mo ń kọ́ni, àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń kọ "igbó" sílẹ̀ fún ibikíbi tí ewé bá ti hù. Mo máa ń dá wọn dúró. Igbó ni ibi tí kò sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ọgbà ni ibi tí èèyàn ń tọ́jú, ìbáà jẹ́ pé koríko kún inú rẹ̀. Wọ́n máa ń rò pé gírámà ni mò ń kọ́ wọn. Kì í ṣe gírámà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ló gba ẹ̀yìnkùlé ilé wa lọ́wọ́ ìyá àgbà mi.

Ìsàlẹ̀ Gángan ní Èkó ni a ń gbé ní àwọn ọdún 1950. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ lónìí lè máa rò pé ilé àti ìsọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀ láti ayébáyé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ilé wa, kọjá ilé ìdáná àti balùwẹ̀, ọgbà eléso kan wà tí bàbá ìyá àgbà mi gbìn: mángòrò, ìyeyè, ọsàn wẹ́wẹ́, bẹrẹfútù, àti àgbọn méjì tó ga ju gbogbo òrùlé àdúgbò lọ. Ọgbà náà ti gbó kí n tó gbọ́n. Ọsàn kò so mọ́, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò jẹ́ kí wọ́n gé e, nítorí ejìnrìn ti gùn ún, ẹyẹ sì ń jẹ èso ejìnrìn. Mángòrò tó dàgbà jù ti ní ihò nínú, oyin sì ti fi ihò náà ṣe ilé.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Rinrin máa ń hù ní ìdí ògiri balùwẹ̀, níbi tí omi ń ṣàn sí. Gbúre àti òdú gba abẹ́ bẹrẹfútù. Patanmọ́ wà lẹ́bàá ọ̀nà. Àwa ọmọ máa ń fọwọ́ kàn án kó lè pa ewé rẹ̀ dé, a ó sì jókòó tì í títí yóò fi tún là á. Òfin kan ṣoṣo ni ìyá àgbà ṣe fún wa: "Ẹ já a, ẹ má fà á tu." Ewé la lè já fún ọbẹ̀, tàbí fún ọmọ tí ara rẹ̀ ń yún. Gbòǹgbò gbọ́dọ̀ dúró nínú ilẹ̀.

Ẹ̀gà ló ni àgbọn méjèèjì. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán ládùúgbò, ariwo wọn a bẹ̀rẹ̀, wọn a máa ya imọ̀ àgbọn tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ fi hun ilé wọn. Àdán ló ń jẹ ìyeyè. A máa ń gbọ́ kóró rẹ̀ tó ń bọ́ sórí páànù. Bí òjò bá dá, ìgbín a jáde. Agẹmọ kan tilẹ̀ wà lórí ògiri tí kò sí obìnrin nínú ilé tó fẹ́ rí i, àfi ìyá àgbà.

Ilé bàbá rẹ̀ ni ìyá àgbà padà sí nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Yàrá kan ni wọ́n fún un. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni olórí ilé, òun ni gbogbo wa ń pè ní Bàbá. Ọgbà yẹn nìkan ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá ìyá àgbà dù. Ó fẹ́ kí ó wà níbẹ̀ títí òun yóò fi kú; kò béèrè ju ìyẹn lọ.

Wolé-wolé ló kọ́kọ́ pè é ní igbó. Àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tó ń wọ káàkí la ń pè bẹ́ẹ̀, àwọn tó máa ń yọjú sínú ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀.

"Mama, igbó yìí ti pọ̀ jù," ó ní.

"Ọgbà ni, kì í ṣe igbó."

"Ọgbà wo ló ní koríko tó dé orúnkún?"

"Níbo ni ìlú yín?" Ìyá àgbà máa ń fi ẹ bá a sọ̀rọ̀ nítorí káàkí tó wọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè bí i lọ́mọ.

"Èkìtì ni, Mama."

"Ẹ kúkú mọ igbó. Ẹ kúrò nínú igbó gidi, ẹ dé Èkó, ẹ wá ń pe ẹ̀yìnkùlé mi ní igbó."

Wolé-wolé rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bú ìlú mi o, Mama. Ẹ̀fọn ń sá síbẹ̀ ni tèmi. Òfin kò sọ̀rọ̀ ọgbà. Búṣì ni wọ́n kọ síbẹ̀."

"Ibi tí mo mọ orúkọ gbogbo ohun tó hù níbẹ̀, báwo ni yóò ṣe jẹ́ igbó? Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ wọn fún yín."

"Mi ò wá kọ́ orúkọ ewé, Mama. Kí ibẹ̀ ti mọ́ kí n tó padà dé."

Ká ní ti wolé-wolé nìkan ni, ìyá àgbà ì bá máa fi ọ̀rọ̀ dídùn dá a padà bó ti máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìròyìn ti ń tàn káàkiri pé wọn yóò wó àwọn ilé tó dọ̀tí ní Èkó, wọn yóò sì kó àwọn tó ń gbé inú wọn lọ sí Sùúrùlérè. Bàbá gbà pé bí ilé wa bá mọ́, wọn yóò fò ó kọjá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ilé ni mo fẹ́ gbà sílẹ̀," ó sọ fún ìyá àgbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Bí wọ́n bá wá, tí wọ́n rí igbó lẹ́yìn ilé, wọn yóò ní ẹlẹ́gbin ni wá."

"Ìwọ náà ti ń pè é ní igbó."

Bàbá wo ilẹ̀.

"Igi bàbá wa ni," ìyá àgbà wí.

"Ilé bàbá wa ńkọ́?"

Ìyá àgbà ní kí wọ́n ṣáà fi àgbọn sílẹ̀ nítorí ẹ̀gà. Bàbá ní wọn yóò fi í sílẹ̀.

Àwọn tó wá gé e mú àdá àti àáké wá. Wọ́n fi èéfín lé oyin. Wọ́n ro gbogbo ohun tó hù lórí ilẹ̀, wọ́n kó ìgbín lọ sè, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi. Nígbà tó ku àgbọn, olórí wọn sọ fún Bàbá pé bí igi yòókù ti lọ yìí, afẹ́fẹ́ ọ̀sà yóò wó o lu páànù. Bàbá ní kí wọ́n gé e. Ọmọ ẹ̀gà tí kò tíì hu ìyẹ́ wà nínú àwọn ilé tó bọ́ sílẹ̀. Àwọn ìyá wọn ń yí po lókè, níbi tí àgbọn wà tẹ́lẹ̀, títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá àgbà kò jáde nínú yàrá rẹ̀.

Wolé-wolé padà dé, ó rí iyanrìn funfun tí a fi ìgbálẹ̀ gbá. "Ẹ ṣeun, Mama," ó ní. "Báyìí ló yẹ kí ilé máa rí."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ dé pẹ̀lú ṣéènì àti èèkàn. Bàbá wọ agbádá lọ pàdé wọn. Ó mú wọn gba inú ilé kọjá sí ẹ̀yìnkùlé kí wọ́n lè rí i bó ti mọ́ tó. Inú olórí wọn dùn.

"Ibí yìí dáa," ó sọ fún ẹnì kejì rẹ̀. "Kò sí igi tí a máa gé. Ibí la ti máa bẹ̀rẹ̀."

Bàbá ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n fi òòlù lu èèkàn àkọ́kọ́ wọlẹ̀.

Mi ò ní sọ pé ọgbà náà ì bá gba ilé wa là. Ohun tí mo fẹ́ yàtọ̀ sí ohun tí mo mọ̀. Gbogbo òpópónà wa ló lọ, àwọn tó ní igi àti àwọn tí kò ní. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọwọ́ ara wa la fi gé e, a sì gbá a mọ́ dè wọ́n.

Ní Sùúrùlérè, ilé kékeré ni wọ́n fún wa, tó jọ ti gbogbo aládùúgbò, ilẹ̀ díẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá mú ọmọ igi mángòrò kan wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú agolo. Ìyá àgbà dúpẹ́. Inú agolo náà ni mángòrò gbẹ sí.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, gbúre hù fúnra rẹ̀ ní ìdí ògiri. Mo sáré mú abọ́ wá láti já a fún ọbẹ̀. Kí n tó dé, ìyá àgbà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò.

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń ní ká já a, ká má fà á tu," mo ní.

Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ dànù sára ògiri.

"Bí wọ́n bá rí i," ó ní, "igbó ni wọn yóò pè é."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá èyí tó kù.