Bààmú Tó Ṣí Lọ sí Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọ̀tún

Kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀ ọ̀làjú mọ́. Mo ti rí i. Inú páálí ló wà nígbà tó dé ilé tí mò ń gbé ní Ìkọ̀tún, wọ́n gbé e gba iwájú yàrá mi lọ sókè, ó sì sọ ìyá mi di ẹlòmíràn.

Akọ̀wé kan ló rà á, ayálégbé bíi tiwa, ọkùnrin tó máa ń so táì mọ́rùn, tí á wá gbé bàtà lọ́wọ́ kọjá ẹrẹ̀ àdúgbò. Pírńtà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ni ohun tó rà. Bébà kò tó o tẹ̀, orí aṣọ ló fẹ́ máa tẹ nǹkan sí. Ó rí i ní sáíbà kafé kan lọ́nà Ìgándò pé àwọn òyìnbó ń rán ègé aṣọ pọ̀ di ìbora, wọ́n á sì tẹ àwòrán ará ilé wọn sí àárín rẹ̀. Lòun náà bá ń ṣa ègé ańkárá kiri lọ́dọ̀ àwọn télọ̀. Ní tiwa, eégún ló ń wọ irú ẹ̀, eégún pàápàá kì í sì í fi í bora sùn.

Tí ẹ̀rọ ọ̀hún bá bẹ̀rẹ̀, a máa ké bí ewúrẹ́ tó ń rọbí. Adìyẹ mi kan gbọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó yé ẹyin pẹlẹbẹ. Ẹ ò gbàgbọ́? Mo dín in jẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló jẹ́ kọ́rọ̀ náà kàn mí. Yàrá tó tẹ̀lé tèmi ló ń gbé, ojú rẹ̀ sì ti ń fọ́ díẹ̀díẹ̀. Àwòrán kan ṣoṣo ni ìyá wa fi sílẹ̀, kò ju páálí ìṣáná lọ. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ rí ìyá rẹ̀ dáadáa kí ojú rẹ̀ tó fọ́ tán, ó sì ti gbọ́ pé akọ̀wé lè sọ àwòrán di ńlá sórí ìbora.

"Ẹ má dán an wò," ni mo wí.

"Dákẹ́ jàre. Ìwọ tí ìwé rẹ kò kọjá Píràmárì Fọ́ọ̀, kí lo mọ̀?"

Irọ́ ni. Mo dé Fáìfù. Olùkọ́ ló bẹ̀ mí kí n má wá mọ́, ẹ̀rù ń bà á kí n má gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Akọ̀wé gba àwòrán. "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Màá dà á dé gíláàsì ẹ̀rọ yìí, á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kan, màá wá fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ bébà yẹn mọ́ aṣọ. Ó parí."

Ó fi omi nu gíláàsì, kò dúró kó gbẹ. Ẹ̀rọ ké, bébà jáde. Ìgbà tó fẹ́ mú àwòrán, ó ti lẹ̀. Ó fà á. Ẹ̀yìn àwòrán tó funfun nìkan ló bá a lọ́wọ́ wá, ojú ìyá mi kù sórí gíláàsì ní wẹ́wẹ́.

"Kò burú, Bàbá. Èyí tó wà lórí bébà ṣì wà."

Ẹ gbọ́ ẹnu ṣá!

Láàárọ̀ Sátidé, ó gbé ìbora dé. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi kan aṣọ.

"Ta nìyí?"

"Ìyá yín ni, mà."

"Ìyá mi kọ́. Òsì ni bààmú ìyá mi wà."

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá. Bààmú ni ilà kan ṣoṣo tí wọ́n fà láti igi imú wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti ìyá wa jìn débi pé bí òjò bá dá, ẹyẹ a máa mu omi níbẹ̀. Mo wò ó: ọ̀tún ló wà! Àṣé bí a bá lọ bébà yẹn mọ́ aṣọ, bí òǹtẹ̀ ló ń ṣe, òsì á di ọ̀tún.

"Ilà lásán ni, mà. Ta ló máa mọ̀?"

"Ilà lásán? Bí wọ́n bá gbé ojú rẹ lọ sí ìpàkọ́, ìyá rẹ ò ní mọ̀?"

Akọ̀wé ń làágùn. "Ẹ... ẹ wò ó nínú dígí, mà. Á bọ́ sípò."

Mo ti ń wá ọ̀pá mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gbé dígí tí mo fi ń fárùngbọ̀n wá. Ó kẹ̀yìn sí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé dígí sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká. Nínú dígí, bààmú ti padà sí òsì.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ó ní, ó sì kúnlẹ̀.

Láti ìgbà náà, dígí mi ti di tirẹ̀, ọwọ́ ni mo fi ń wá irùngbọ̀n mi kí n tó fá a. Nílé wa, ọmọ tó bá kẹ̀yìn sí àgbà kí i, ìfọ́tí ni. Ẹ wá wọ yàrá ẹ̀gbọ́n mi láàárọ̀ wò: orí ìkúnlẹ̀ lẹ ó bá a, ó kẹ̀yìn sí ìyá tó bí i lọ́mọ, ó ń kí i. Akọ̀wé a sì máa sọ fún àlejò pé iṣẹ́ òun nìyẹn.