Bí Mo Ṣe Kí Wọn Dé Dùgbẹ̀

Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, ọkọ̀ rẹ̀ wà nínú ọgbà wa ní Àgbówó bí ẹni tó ń retí kí wọ́n wá pe òun. Alángbá ń sáré lórí rẹ̀, koríko sì hù yí táyà rẹ̀ ká. Ọ̀kan nínú àwọn fìlà olóògbé ṣì wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò níbẹ̀. Àkọ́bí mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀, kò fẹ́ràn bí mo ṣe máa ń dúró lójú fèrèsé wo ọkọ̀ náà.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká tà á," ló wí lọ́jọ́ Àìkú kan tó wá kí mi. "Kò sẹ́ni tó ń wà á. Bẹ́ẹ bá ṣì ń rí i báyìí, ọkàn yín ò ní balẹ̀."

"Èmi ni mo máa wà á."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kó rín in tán. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, n kò sì di sitíárì mú rí láyé mi. Ọkọ mi ló ń gbé mi lọ, òun ló ń gbé mi bọ̀. Nígbà tó rí i pé èmi ò bá òun rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa: bí mo bá lè wa ọkọ̀ náà fúnra mi láti Àgbówó dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì òun kí oṣù tó parí, òun ò ní sọ̀rọ̀ títà mọ́. Bí n kò bá lè ṣe é, ẹni tó fẹ́ rà á yóò wá gbé e lọ. Mo ní mo gbà.

Kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ni mo ń jà fún. Ohùn àánú ti sú mi. Ọdún ń gorí ọdún, síbẹ̀ bí mo bá jáde lọ ra búrẹ́dì, "ẹ kú ara fẹ́ra kù" ni wọ́n fi ń pàdé mi. Wọn ò gbèrò ibi sí mi o. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ń kí báyẹn lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbà pé kò sí ohun mìíràn tó ṣẹ́ kù fún òun láyé.

Mo pe mẹkáníìkì wá tún ọkọ̀ náà ṣe. Alhaja tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ló kọ́ mi, ní pápá ilé ìwé kan ní Bódìjà. Ó ti pẹ́ tó ti ń wakọ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, kílọ́ọ̀ṣì lẹ tẹ̀ yẹn o, kì í ṣe aáyán. Ẹ má pa á!" Ọkọ̀ ń kú, mo ń jí i. Ó tún kú, mo tún jí i. "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba," ni Alhaja máa ń wí, á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó yá, pápá kò ni mí lára mọ́. Títì ló kù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a jáde, ọkọ̀ kú mọ́ mi lọ́wọ́ nítòsí ọjà Bódìjà, họ́ọ̀nù sì gba gbogbo ẹ̀yìn mi bí ẹni pé gbogbo Ìbàdàn ló fẹ́ lé mi kúrò nílùú. Ẹnì kan pariwo pé, "Ìyá àgbà, ẹ lọ pọn ọmọ-ọmọ yín!" Èmi tí mo ṣe tíṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ pé bí mo bá wo kíláàsì, kíláàsì á pa rọ́rọ́! Mo bọ́ sílẹ̀ nídìí sitíárì. Alhaja ló wa ọkọ̀ náà délé. Nígbà tó lọ tán, mo jókòó sínú rẹ̀ nínú ọgbà, mo sunkún.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi rántí họ́ọ̀nù ọkọ mi. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́nu géètì: pí-pí. Bó ṣe ń kí wa nìyẹn. Èmi á fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, ọmọ á sáré jáde, inú wa á sì dùn. Họ́ọ̀nù kan náà tí mo ń fi ìdùnnú dúró dè láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ ni mo wá ń sá fún lójú títì. Họ́ọ̀nù ò yí padà. Etí tí mo fi ń gbọ́ ọ ló yí padà, èmi ni mo sì ni etí mi. Mo nu ojú. Mo pinnu pé láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹni tó bá tẹ họ́ọ̀nù fún mi, ó kí mi ni, màá sì dá a lóhùn.

Ọjọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn oṣù ni mo gbéra lọ́sàn-án. Mo lẹ àmì akẹ́kọ̀ọ́ pupa mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Alhaja jókòó tì mí, tẹ̀súbà lọ́wọ́. Ó ní òun ò ní sọ̀rọ̀, òun ò sì ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Láti Àgbówó dé Sángo ni mo ti ń juwọ́ síta fún gbogbo họ́ọ̀nù: "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ kú ìrìn o!" Alhaja ń wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú bí ẹni tó ń wo alárùn ọpọlọ.

Lórí òkè tó lọ sí Mọ́kọ́lá, ọkọ̀ kú. Mo jí i, ó fẹ́ yí padà sẹ́yìn, mo sáré tẹ bíréèkì. Họ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ takisí kan wá ṣẹ́rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó yọ orí síta, ojú rẹ̀ le koko.

"Màámá, ṣé ibí lẹ fẹ́ sùn ni?"

"Kú iṣẹ́ o, ọkọ mi," ni mo dá a lóhùn. "Kú oòrùn. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ nílé, bí wọ́n bá kí i, á jẹ́ ẹ. Mo rí i bí èébú ṣe dé ètè rẹ̀ tó sì padà wọlé.

"Wọ́n wà dáadáa, mà," ló wí. "Ẹ ṣé, mà." Àwọn èrò inú ọkọ̀ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ló bá sọ̀ kalẹ̀ láàárín títì, ó na ọwọ́ méjèèjì sí àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn. "Ẹ dúró jàre! Ìyá mi ni!"

Wọ́n dúró. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo ki jíà, mo rọra gbé ẹsẹ̀, ọkọ̀ sì gun òkè náà lọ geerege. Wọ́n ní inú dídùn ní í mú orí yá. Tèmi lọ́jọ́ náà, orí ló kọ́kọ́ yá, inú wá tẹ̀ lé e. Mo kọrin láti Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀, Alhaja ló ń gbè é.

Nígbà tí mo dé iwájú ọ́fíìsì ọmọ mi, n kò pè é lórí fóònù. Mo tẹ họ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì: pí-pí.

Mo rí orí rẹ̀ lójú fèrèsé òkè. Kò pẹ́ tó fi sáré jáde bó ṣe máa ń sáré nígbà tó wà ní kékeré, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ lójú gbogbo ayé. Omi ti kún ojú rẹ̀.

"Màámi, ẹ kú ewu ọ̀nà."

Láti Àgbówó o! Mo ní kó lọ gbé báàgì rẹ̀ wá, ká máa lọ sílé. Ó jókòó sẹ́yìn, ó gbé fìlà bàbá rẹ̀ lé itan, Alhaja ròyìn fún un bí mo ṣe ń kí gbogbo ẹni tó tẹ họ́ọ̀nù, a sì gbéra. A ò tíì rìn jìnnà tí ọkọ̀ kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ họ́ọ̀nù kíkankíkan lẹ́yìn wa. Kí n tó yanu, ọmọ mi ti yọ ọwọ́ síta.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!"